Ọ̀rọ̀ Náà "Kóńgò" ní Ìlú Monrovia

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí orúkọ kan, ilé tí a ti sọ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn wà tí a kò sọ nínú ilé kankan. Ẹnu àlejò ni ó ti wá, lójú agbami òkun, fún ẹni tí a kò bi léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni "Kóńgò" jẹ́ ní Monrovia, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Liberia.

Létí Yorùbá, kóńgò ni abọ́ tí a fi ń wọn gàrí àti ìrẹsì lọ́jà. Kóńgò ti Monrovia yàtọ̀ sí èyí. Orúkọ ènìyàn ni. Olùkọ́ tí ó bá ń ka ìwé nípa Liberia yóò pàdé rẹ̀ níbi púpọ̀. Nínú ìwé kan, Kóńgò ni ẹrú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀, tí kò ní aṣọ lọ́rùn, tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni ní ìlú náà. Nínú ìwé mìíràn, Kóńgò ni mínísítà ìjọba tí ó wọ kóòtù, tí ó dé fìlà gíga, tí ìdílé rẹ̀ sì ti ń ṣe ìjọba láti ìran dé ìran. Bí olùkọ́ náà kò bá mọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí, yóò rò pé ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé náà ń purọ́. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni ó rìn jìnnà, tí ó sì ń pa aṣọ dà bí ó ti ń rìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Kóńgò jẹ́ orúkọ ìjọba kan pàtó, ní gúúsù ẹnu odò ńlá tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nígbà tí Diogo Cão, atukọ̀ ará Potogí, gúnlẹ̀ sí ẹnu odò náà ní nǹkan bí ọdún 1483, ìjọba tí ó ní ọba, ìjòyè, ọjà àti owó tirẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá níbẹ̀. Ní ọdún 1491, ọba ilẹ̀ náà, Nzinga a Nkuwu, gba ìrìbọmi. Ọmọ rẹ̀ tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀, tí à ń pè ní Afonso, kọ̀wé sí ọba Potogí ní ọdún 1526 láti fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn oníṣòwò ẹrú ń kó àwọn ènìyàn òun lọ, títí kan àwọn ọmọ ìjòyè àti àwọn ìbátan òun. Ní ọdún 1591, Filippo Pigafetta tẹ ìwé kan jáde ní Róòmù nípa ìjọba náà, láti inú ohun tí Duarte Lopes, tí ó ti gbé ibẹ̀, sọ fún un. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ Kóńgò kò ní kọ́lọ́fín rárá. Ọmọ Kóńgò ni ẹni tí ó ń sin ọba Kóńgò.

Òwò ẹrú ni ó kọ́kọ́ fa orúkọ náà ya. Bí òwò yìí ti ń tàn kálẹ̀ láti etíkun lọ sí ọ̀kánkán ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí kò mọ ọba Kóńgò rí ni a ń kó wá sí ẹnu odò náà àti sí èbúté Cabinda tí ó wà ní àríwá rẹ̀. Oníṣòwò kì í bèèrè ìdílé ẹni tí ó rà. Èbúté tí ó ti rà á ni ó ń kọ sínú ìwé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí náà, Kóńgò di orúkọ fún ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ ẹrú bá gbé wá láti ìhà ibẹ̀. Ní ìlú New Orleans, pápá kan wà tí àwọn ẹrú ti máa ń pàdé ní ọjọ́ Ìsinmi láti lùlù àti láti jó. Congo Square ni à ń pe pápá náà títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni onírúurú ẹ̀yà ni ó ń jó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, tí ó ti fẹ̀ báyìí, ni àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà mọ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀ padà sí Áfíríkà.

Ìpadàbọ̀ yìí ni ó bí Monrovia. Ní ọdún 1816 ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Washington, American Colonization Society, láti kó àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti di òmìnira lọ tẹ̀dó sí Áfíríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1821, Eli Ayres àti Robert Stockton gba ilẹ̀ ní Cape Mesurado lọ́wọ́ ọba kan tí àwọn ìwé wọn pè ní King Peter, àti àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, àwọn tí wọ́n wá tẹ̀dó gun orí òkè tí ó wà létí òkun náà. Ní ọdún 1824 ni a sọ ìlú náà ní Monrovia, láti fi bu ọlá fún James Monroe, Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà.

Ó yẹ kí Yorùbá rántí oṣù Kẹrin ọdún 1822 yìí. Nínú oṣù kan náà ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òṣogùn kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú Potogí, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown, bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà náà, láti ìgbà tí òfin ọdún 1819 ti fi àṣẹ fún Ààrẹ wọn, ń kó àwọn tí ọkọ̀ ogun tirẹ̀ bá gbà sílẹ̀ lọ sí Liberia. Ìlú méjì ni, ní etíkun kan náà, tí wọ́n ń gba àwọn ènìyàn tí a ti fi agbára yọ kúrò nílé, tí wọn kò sì lè padà síbẹ̀ mọ́.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé Monrovia nínú irú ènìyàn yìí kò pọ̀. A gba ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Antelope ní etíkun gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 1820. Ẹjọ́ nípa àwọn ẹrú inú rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1825, wọ́n sì dúró ní ìpínlẹ̀ Georgia fún nǹkan bí ọdún méje, tí a ń fi wọ́n ṣiṣẹ́, kí a tó kó àwọn tí ó lé ní 100 nínú wọn wá sí Liberia ní ọdún 1827. Lẹ́bàá Monrovia ni wọ́n tẹ̀dó sí, níbi tí a sọ ní New Georgia. Nínú ìròyìn tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà ń kọ nípa New Georgia ní àwọn ọdún wọ̀nyí, wọ́n dárúkọ àwọn Ìbò lọ́tọ̀, wọ́n sì dárúkọ àwọn Kóńgò lọ́tọ̀. Èyí ṣe pàtàkì. Ó fi hàn pé ní ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun ni Kóńgò. Ìbò ń jẹ́ Ìbò, ọmọ Kóńgò sì ń jẹ́ Kóńgò. A ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé ọmọ ibo ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó dé lẹ́ẹ̀kan náà ni ó pa ìbéèrè yìí rẹ́. Ní òpin ọdún 1845, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Yorktown mú ọkọ̀ ẹrú Pons, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Cabinda. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ láàyè sí Monrovia nínú ọkọ̀ yẹn ju 700 lọ, ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1858, a kó nǹkan bí 200 tí ó kù láàyè nínú ọkọ̀ Echo wá láti Charleston. Ní ọdún 1860, láàárín oṣù kan péré, a mú ọkọ̀ mẹ́ta nítòsí Cuba: Wildfire, William àti Bogota. Àwọn tí ó ju 1,400 ni a kó jáde nínú wọn sí Key West; nǹkan bí 300 kú síbẹ̀, a sì kó àwọn tí ó kù ránṣẹ́ sí etíkun Liberia. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, a mú ọkọ̀ Erie pẹ̀lú 897 ènìyàn nínú rẹ̀ ní ìtòsí ẹnu odò Kóńgò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Monrovia ni a kó wọn wá. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, Nathaniel Gordon, ni a so kọ́ ní New York ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1862. Òun nìkan ni ará Amẹ́ríkà tí a pa lábẹ́ òfin tí ó fi òwò ẹrú ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1861, a mú Nightingale ní Cabinda pẹ̀lú 961. Láàárín ọdún méjì yìí nìkan, ènìyàn tí ó lé ní 4,000 ni a kó wọ Liberia, nígbà tí ó jẹ́ pé gbogbo àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó láti ìbẹ̀rẹ̀ wá kò ju nǹkan bí 13,000 lọ, tí ibà sì ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nítorí pé ẹnu odò Kóńgò àti Cabinda ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń bọ̀, àwọn ará Monrovia ń pe gbogbo ẹni tí a gbà sílẹ̀ ní Kóńgò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Bogota kò ti Kóńgò wá. Ouidah ni ó ti kẹ́rù, èbúté tí àwọn ọba Dahomey ti ń ta àwọn tí wọ́n kó lójú ogun. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí a ń tà níbẹ̀ ní àkókò náà. Ní ọdún 1860 yìí kan náà ni ọkọ̀ Clotilda gbé 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, Yorùbá sì wà nínú wọn, títí kan Kossola tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis. Àwọn ará Clotilda dé oko ẹrú. Àwọn ará Bogota dé Liberia. Bí ẹni tí ó kí ènìyàn pé "ẹ kú ewu òkun" bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, Kóńgò ni a óò pè é. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀ ti àkọ́kọ́. Kò sọ ibi tí ènìyàn ti wá mọ́. Ohun tí ó ń sọ ni bí ènìyàn ṣe dé.

Bí wọ́n ṣe dé yìí náà ni a fi ń fojú kéré wọn. Òfin ìlú fi àwọn ọ̀dọ́ nínú wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tí ó ti Amẹ́ríkà wá, kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀sìn Kírísítì. Ó fara jọ ìwọ̀fà ní ilẹ̀ Yorùbá, àfi pé ẹni tí ó ń sìn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwọn ìdílé kan tọ́jú wọn bí ọmọ. Àwọn mìíràn fi wọ́n ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Ní ẹnu àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá, Kóńgò di orúkọ ẹni ìsàlẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Ìkéde òmìnira tí Liberia ṣe ní ọdún 1847 tilẹ̀ sọ pé àwọn ará Liberia jẹ́ àwọn tí ó ti gbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, òǹtẹ̀ ìjọba sì sọ pé ìfẹ́ òmìnira ni ó mú wọn wá. Àwọn tí ọkọ̀ Pons gbé wá ti wà ní ìlú fún nǹkan bí ọdún méjì nígbà náà. Wọn kò gbé Amẹ́ríkà rí, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ wá. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí ó ni ilẹ̀, Déì, Básà, Gólà, Fáì àti àwọn yòókù, kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà bákan náà.

Ìyípadà tí ó yani lẹ́nu jùlọ ni ó tẹ̀ lé èyí. Àwọn ọmọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ ń ṣe oko lẹ́bàá odò St. Paul, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń bá àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá jagun, wọ́n sì ń bá wọn gbé ìyàwó. Lójú ọmọ ìbílẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì mọ́. Orí omi ni àwọn méjèèjì gbà dé. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Lábẹ́ òfin kan náà ni wọ́n sì ń gba ilẹ̀. Nítorí náà àwọn ọmọ ìbílẹ̀ mú orúkọ tí ọ̀gá fi ń pe ọmọ-ọ̀dọ̀, wọ́n fi pe ọ̀gá pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń wò láti òkè sí ìsàlẹ̀ di ohun tí à ń wò láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Ẹgbẹ́ òṣèlú True Whig, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1869, ni ó ṣe ìjọba láti ọdún 1878 láìdáwọ́ dúró títí di ọdún 1980. Àwọn aṣáájú rẹ̀ ni Kóńgò ní ìtumọ̀ tuntun yìí. Helene Cooper, tí ìdílé rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn àkọ́dé láti Amẹ́ríkà wá, lo ọ̀rọ̀ náà lọ́nà yìí nínú ìwé ìtàn ara rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2008: Kóńgò ni tiwọn, ará oko ni àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ tí ó di àmì ẹgbẹ́ báyìí lè di ohun ìjà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1980, àwọn sójà tí Samuel Doe jẹ́ olórí wọn pa Ààrẹ William Tolbert, wọ́n sì gba ìjọba. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, wọ́n yìnbọn pa àwọn olóyè ìjọba mẹ́tàlá ní etíkun Monrovia. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgboro túmọ̀ ọ̀ràn náà sí òpin ìjọba àwọn Kóńgò. Ṣùgbọ́n ta ni Kóńgò? Ìdáhùn náà kò rọrùn bí ìbọn ti rò. Ellen Johnson Sirleaf, tí a dìbò yàn sípò Ààrẹ ní ọdún 2005, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Kóńgò. Bẹ́ẹ̀ ni Gólà ni bàbá rẹ̀, tí ìdílé àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá gbà tọ́ ní Monrovia. Ọmọ obìnrin Kúrù àti ọkùnrin ará Jámánì sì ni ìyá rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ Amẹ́ríkà nínú rẹ̀, kò sì sí ti odò Kóńgò. Ilé tí a ti tọ́ bàbá, ilé-ìwé tí a lọ, àti bí a ti ń sọ̀rọ̀, ni ó sọ ọ́ di Kóńgò. Ìhà ìlà-oòrùn Monrovia, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Congo Town, tí àwọn ilé ńlá wà níbẹ̀. Freetown náà ní Congo Town tirẹ̀. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ní Freetown, Kóńgò kò di orúkọ àwọn tí ń ṣe ìjọba.

Kí Yorùbá má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn ni èyí. Ní Freetown, nítorí pé àwọn baba wa ń kí ara wọn pé "ẹ kú", ni a ṣe sọ wọ́n ní Àkú. S. W. Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì kan náà tí ó lọ sí Liberia láti kọ́ èdè Fáì, kọ ọ̀rọ̀ èdè tí ó lé ní 100 sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Freetown, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1854. Lábẹ́ Àkú ni ó kó Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti àwọn yòókù sí. Ó bá àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn pé kò tọ́ láti máa pe gbogbo wọn ní Yorùbá, nítorí pé ẹ̀yà kan péré nínú wọn ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bákan náà ni Àgùdà ní Èkó. Ẹni tí ó ti Brazil padà dé ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Nítorí pé ìjọ Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ, ìjọ náà di Ìjọ Àgùdà, títí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò ní baba ńlá kankan ní Brazil fi lè sọ pé Àgùdà ni òun. Síbẹ̀, Àkú àti Àgùdà kò pa ojú ilé dé. Ọ̀pọ̀ Àkú mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n sì rìn ín padà. Ọmọ Yorùbá tí a kó wọ Monrovia tí a sì sọ ní Kóńgò, ọ̀nà wo ni orúkọ yẹn yóò fi hàn án?

Fún ìdí èyí, olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn Liberia gbọ́dọ̀ bi ìwé ní ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìkínní ni pé: ọdún wo ni a kọ ọ́? Ṣáájú 1845, kí ó máa wo ẹnu odò Kóńgò. Lẹ́yìn ìgbà náà, kí ó máa wo ọkọ̀ ogun àti àwọn tí ó gbà sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé ìgbà tí ẹgbẹ́ True Whig ń lọ sópin, kí ó máa wo àga ìjọba. Ìkejì ni pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Kóńgò lẹ́nu ẹni tí ó ti Amẹ́ríkà dé kò jọ Kóńgò lẹ́nu Básà tàbí Kúrù. Ìkẹta ni pé: ta ni orúkọ náà bò mọ́lẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó wúwo jùlọ, nítorí pé ìwé kì í sábà dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Orúkọ a máa ro ènìyàn, Yorùbá mọ èyí. Àwọn ọmọdé tí ó gúnlẹ̀ sí Monrovia láti inú Erie àti Pons ní orúkọ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ìyá kan ni ó sọ ọ́, nínú ilé kan, lẹ́yìn tí ó ti wo ilé náà dáradára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi dípò gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bá ka Kóńgò nínú ìtàn Liberia, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ dá a dúró díẹ̀, kí ó sì kọ́ ọ láti bèèrè orúkọ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.